Gbígbé ní Erékùṣù Mackinac níbi tí mọ́tò kò ti sí: Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi wá jù àti ìdáhùn wọn

Níbo gan-an ni Mackinac wà, báwo sì ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀?

Erékùṣù kékeré kan ni, nínú adágún Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítòsí ibi tóóró tí adágún Huron ti pàdé adágún Michigan. Ìlú méjì ló sún mọ́ ọn jù ní orí ilẹ̀: Mackinaw City ní ìhà gúúsù, àti St. Ignace ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo ilẹ̀ erékùṣù náà kò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 10 lọ, ọ̀nà tó yí i ká létí omi sì gùn ní máìlì 8.2. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láìkánjú lè yí i po kí wákàtí kan àbọ̀ tó pé.

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà kì í dún. «Mákínọ̀» ni ará ibẹ̀ ń pè é, ibi tí ẹnikẹ́ni bá sì ti pè é ní «Mákínákì» ni wọ́n ti mọ̀ pé àlejò ni. Àwọn Anishinaabe, tí wọ́n ti ń gbé agbègbè náà kí òyìnbó tó dé, ló ni orúkọ náà. Ó jẹ mọ́ ahun ńlá, nítorí pé bí èèyàn bá ń wo erékùṣù náà láti òkèèrè, ṣe ló yọ ẹ̀yìn lórí omi bí ahun.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀?

Mọ́tò ti ara ẹni ni kò sí. Ọkọ̀ panápaná wà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wà, ọkọ̀ ọlọ́pàá náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tún ọ̀nà ṣe lè gba ìwé àṣẹ láti mú ẹ̀rọ ńlá wọlé fún iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa gbà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin ni.

Ọ̀nà tó yí erékùṣù náà ká jẹ́ òpópónà ìjọba ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, M-185, ó sì ní pátákó máìlì létí ọ̀nà, àmọ́ mọ́tò kò gbọdọ̀ gbà á. Ọ̀pọ̀ ará erékùṣù ní mọ́tò o. Òdì kejì omi ni wọ́n ń gbé e sí, wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, wọn a sì wà á lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi òfin de mọ́tò?

Nítorí ẹṣin ni. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí mọ́tò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé àlejò kiri fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ ìlú pé ariwo ẹ̀rọ náà ń dẹ́rù ba ẹṣin àwọn, ó sì ń kó ẹ̀mí èrò sínú ewu. Ìgbìmọ̀ náà fi òfin dè é ní 1898. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tó ń mójú tó ọgbà ìjọba, tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ erékùṣù náà, gbé irú òfin kan náà kalẹ̀ ní tiwọn.

A máa ń kà á káàkiri pé àwọn ará Mackinac ti ń dáàbò bo afẹ́fẹ́ àti àyíká kí ayé tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀wù tí kì í ṣe tiwọn nìyẹn. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò, ó sì kàn ṣẹlẹ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe nítorí oúnjẹ òòjọ́ yẹn di ohun tí àlejò ń san owó wá wò.

Báwo ni àwọn èèyàn ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà?

Kẹ̀kẹ́ ni ẹṣin àwọn tí kò ní ẹṣin. Ọmọdé ń gùn ún lọ sí ilé ìwé, olùkọ́ ń gùn ún, agbọ́tí ilé ìtura ń gùn ún lọ sílé ní òru. Apẹ̀rẹ̀ wà níwájú, àpótí wà lẹ́yìn, ẹni tó ní ọmọ kékeré sì máa ń so ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí ẹrù bá wúwo, takisí wà, ṣùgbọ́n ẹṣin méjì ló ń fà á: wọn a pè é lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń pe takisí níbikíbi, wọn a sì dúró dè é.

Ohun kan tí ojú àlejò kì í tètè rí ni òkè. Ìsàlẹ̀ létí omi ni ọjà àti èbúté wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní gbogbo ọdún wà lókè, ní àárín erékùṣù. Gígun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ rọrùn. Títì í gòkè padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú mílíìkì àti ànàmọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́.

Báwo ni ẹrù ńlá ṣe ń dé ilé?

Ìbéèrè yìí la rò pé ó ṣe pàtàkì jù lórí ojú ìwé yìí, torí pé ọ̀rọ̀ gbígbé ara ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ ni ará erékùṣù lára. Ọ̀rọ̀ ẹrù ló ń ni wọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká mú fíríìjì kan. Ẹni tó rà á ní orí ilẹ̀ á jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé èbúté. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté á gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, á sọdá, àwọn mìíràn á sì gbé e sọ̀ ní òdì kejì. Níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ti ń dúró: pákó gbalasa tó tẹ́jú lórí táyà mẹ́rin, tí ẹṣin ńlá méjì ń fà, irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wọn kìlógíráàmù 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a fi okùn di fíríìjì náà mọ́ àárín àwọn páálí yòókù, awakọ̀ a fa ìjánu, ẹṣin a sì tẹ orí ba láti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ sí òkè. Nígbà tó bá fi máa dé ilé ìdáná, ó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì lówó tirẹ̀. Kí ẹni tó bá ń bínú pé nǹkan wọ́n níbẹ̀ rántí àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun tó kù: bírà ilé ọtí, aṣọ ibùsùn ilé ìtura, pákó ìkọ́lé, koríko tí ẹṣin fúnra wọn ń jẹ, páálí ohun tí èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹṣin ló ń kó pàǹtírí lọ pẹ̀lú. Ní ti oúnjẹ, Doud's Market tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1884 ṣì wà ní àárín ìlú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń sọdá lọ rajà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a sì kó o sínú àpótí oníke tí wọ́n kọ orúkọ sí lára kí ó má bàa sọnù ní èbúté.

Ìgbẹ́ ẹṣin ńkọ́?

Ó pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹṣin tó wà lórí erékùṣù náà tó 500, wọ́n sì máa ń sọ pé ó ń lọ sí 600. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì ń tẹ̀ lé wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n sì ń kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń pò ó mọ́ ìyókù oúnjẹ di ajílẹ̀. Àwọn òdòdó lílákì tí erékùṣù náà ń ṣọdún fún nínú oṣù kẹfà kò lè ráhùn ajílẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé kò rùn ń ṣe ojú ayé. Ní ọ̀sán gangan nínú oṣù keje, lẹ́yìn tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé èèyàn ní òpópónà ńlá: ti ìgbẹ́ ẹṣin, ti ṣúgà tí wọ́n ń sè fún súìtì fọ́ọ̀jì, àti ti omi adágún. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, imú a gbàgbé èkíní.

Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ wo sì ni wọ́n ń ṣe?

Ìkànìyàn ọdún 2020 rí ènìyàn 583. Àwọn wọ̀nyí ni onílé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ á kún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á wá láti Jàmáíkà, Mẹ́síkò àti Philippines, àlejò tó sì ń wá lọ́dọọdún sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Fọ́ọ̀jì tí àlejò ń rà ló mú kí àwọn onílé máa pè wọ́n ní «fudgies», orúkọ tó dà bí ẹ̀fẹ̀ ṣùgbọ́n tó ní ata díẹ̀ nínú.

Àlejò ni iṣẹ́ gbogbo wọn, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tàbí ó ń ya kẹ̀kẹ́ fún èèyàn, tàbí ó ń tún òrùlé àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Owó ọdún odidi ni wọ́n ń pa láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni ilé: ibi tí òṣìṣẹ́ máa sùn ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Ilẹ̀ kò lè fẹ̀ sí i, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sì lè máa wa mọ́tò wá láti abúlé kejì.

Ilé ìwé wà níbẹ̀?

Ó wà, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kejìlá, nínú ilé kan ṣoṣo. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kò pé 100, kíláàsì tó bá ń jáde sì lè máà ju ọmọ mélòó kan lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ilé ìwé mìíràn figagbága nínú eré ìdárayá, wọ́n gbọ́dọ̀ sọdá omi. Nígbà òtútù, ìrìn àjò yẹn lè gba ọkọ̀ òfuurufú kékeré, ojú ọjọ́ ló sì máa sọ bóyá wọ́n á padà sílé lọ́jọ́ náà.

Bí àìsàn bá dé lójijì ńkọ́?

Ilé ìtọ́jú aláìsàn wà lórí erékùṣù náà, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sì wà, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún. Ohun tó bá ju agbára wọn lọ, wọn a gbé e sọdá, nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ibùsùn ìgbẹ̀bí kò sí níbẹ̀, nítorí náà aboyún tó gbọ́n kì í dúró de ìgbà tí ọmọ bá ń rọbí. Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá bọ́ sí àárín òtútù, yóò ti lọ bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní orí ilẹ̀ ṣáájú.

Iná, omi àti lẹ́tà?

Iná ń gba wáyà abẹ́ omi wá láti orí ilẹ̀, omi ẹ̀rọ sì ń wá láti inú adágún. Ní ti lẹ́tà, àwọn èèyàn ní àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ń lọ gbà á fúnra wọn. Ibẹ̀ ni ìròyìn ìlú ti ń tàn jù, ó sì yá ju fóònù lọ.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù tí omi bá dì?

Àwọn ilé ìtura ńlá á tì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹṣin á lọ, ojú títì á dá. Ọkọ̀ ojú omi á máa rìn títí tí yìnyín kò fi ní jẹ́ kó lè kọjá mọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń fò láàárín erékùṣù náà àti St. Ignace láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni ọ̀nà àbájáde, bí ìkùukùu bá gbà. Àwọn ìdílé ti tọ́jú oúnjẹ pamọ́ kó tó di ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni afárá yìnyín, tí gbogbo èèyàn ń béèrè nípa rẹ̀. Bí òtútù bá mú fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí ìjì, omi tó wà láàárín erékùṣù àti St. Ignace á dì pọ̀, ìrìn máìlì 3 sí 4. Kò sí ìjọba tó ń ṣí afárá yìí. Ẹnì kan tó mọ yìnyín, tó sì ti ṣe é lọ́dún púpọ̀, ló máa kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú irin gígùn tó mú lẹ́nu, á máa gún yìnyín níwájú ara rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, á máa wo bó ṣe nípọn sí, á sì máa fetí sí bó ṣe ń dún. Bó bá ti rí ọ̀nà, àwọn aládùúgbò á kó igi Kérésì tí wọ́n ti lò tán jáde kúrò nínú pálọ̀. Wọn a lu ihò sínú yìnyín, wọn a gbin igi kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, èyí kò ní jìnnà sí èyí, títí dé òdì kejì. Lóru, tàbí nígbà tí ìjì yìnyín bá bo ojú, láti igi dé igi ni èèyàn ń tọ̀ títí á fi délé.

Kì í ṣe ọdọọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn afárá náà lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀, ọdún mìíràn sì ń kọjá tí kò dì rárá. Ẹni tó bá gba orí rẹ̀ ń gbà á ní ewu ara rẹ̀, alùpùpù orí yìnyín tó ti rì kì í ṣe ẹyọ kan. Àlejò kò gbọdọ̀ dán an wò láìsí onílé níwájú rẹ̀.

Alùpùpù orí yìnyín? Ẹ̀yin ha kọ́ ni ẹ sọ pé kò sí ẹ́ńjìnnì?

Mọ́tò ni a sọ. Òfin gba àwọn ará ìlú láyè láti gun alùpùpù orí yìnyín nígbà òtútù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé oṣù kejì, tí kò sí àlejò, lè ní ariwo ẹ́ńjìnnì ju oṣù keje tí ìlú kún fọ́fọ́ lọ. Ó máa ń ya ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu, kò sì ya ará ibẹ̀ lẹ́nu rárá, torí pé nígbà yẹn ẹṣin tí òfin ń dáàbò bò kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé.

Níbo ni àwọn ẹṣin ń lọ?

Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí oko ní orí ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sinmi títí ìgbà tí òtútù á fi dẹwọ́. Àwọn díẹ̀ ló ń dúró láti máa fa ẹrù àti pàǹtírí. Ọjọ́ tí wọ́n bá padà ní àkókò ìrúwé, àwọn èèyàn máa ń jáde sí èbúté láti wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ oníná ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń fa ìjà jù lọ́wọ́lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹni tó ní àìlera tí kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa nìkan ni a gbà láyè láti gùn ún, irú kan ṣoṣo sì ni, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹni tó ń gùn ún bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ aláfọwọ́tẹ̀ tí àwọn aláìlera ń jókòó sí wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda pẹ̀lú.

Ojú méjì ni wọ́n fi ń wò ó. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbé òkè sọ pé orúnkún kì í mọ òfin. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yìí díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ tó ń sáré ju ẹṣin lọ ló máa gbà á wọlé. Ní tiwa, ohun tí àwọn ìkejì ń sọ ní ìtumọ̀, àmọ́ ẹni tó wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló sábà máa ń sọ ọ́.

Ṣé òfin náà mú àwọn èèyàn ńlá pẹ̀lú?

Nígbà tí Ààrẹ Gerald Ford wá ní 1975, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló gùn. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, igbákejì ààrẹ, Mike Pence, wá tòun ti ọ̀wọ́ mọ́tò mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Michigan bínú, àwọn kan sì dá a láre nítorí ààbò. Gómìnà ìpínlẹ̀ ní ilé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lórí erékùṣù náà, òfin kan náà sì ni gómìnà ń tẹ̀ lé bíi ti gbogbo èèyàn.

Bí mo bá ra ilé níbẹ̀, ṣé èmi ni mo ni ilẹ̀ rẹ̀?

Ó kù sí ibi tí ilé náà wà. Ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ náà lọ tó jẹ́ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tó lẹ́wà lórí òkè tó dojú kọ omi wà lórí ilẹ̀ tí ìjọba fi yá onílé: ògiri àti òrùlé ni tirẹ̀, ilẹ̀ kọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọgbà náà ló máa sọ ohun tó lè yí padà lára ilé. Nínú ìlú gan-an, èèyàn lè ra ilé tòun ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ka ìwé rẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ kó lọ síbẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ wádìí?

Wádìí bóyá ilé tí o rí ní ohun tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Béèrè iye tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, àti ọjọ́ tó máa ń dáwọ́ dúró. Lọ síbẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò tútù ń rọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù sì ti tì, kí o tó pinnu.

Lẹ́yìn èyí, wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wàá yá fún odidi ọdún ní St. Ignace tàbí Mackinaw City. Tètè ṣe é, torí pé àwọn tó sún mọ́ èbúté kì í pẹ́ tán.